Ọgọ́rùn-ún Kóró

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi la kòkó wò
ní sítọ́ọ̀ onípáànù kan ní Òdòsídà, l'Óǹdó.
Wọ́n á gbé àpò wá. Á bu díẹ̀ lókè, á bu díẹ̀ nísàlẹ̀,
á ka ọgọ́rùn-ún kóró sórí pátákó,
á fi ọ̀bẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì bí ẹni ń ṣí lẹ́tà.
Èyí ti bu. Èyí, kòkòrò ti wọ̀ ọ́.
Èyí rí bíi síléètì, wọn ò jẹ́ kó kan tó kí wọ́n tó sá a.
Lẹ́yìn náà á lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹnu àpò:
Gíréèdì Kìíní. Gíréèdì Kejì.
Tàbí kó ní kí wọ́n máa gbé e lọ.
Àgbẹ̀ á bẹ̀ ẹ́: "Akínsúrójú, ẹ wojú Ọlọ́run."
"Èmi kọ́," ni yóò wí, "ọ̀bẹ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.
A ní iṣẹ́ ni. A ní àgbà ni. A fi róòbù ra á.
Lọ́jọ́ tó húkọ́ tí eegun ìhà rẹ̀ kán bí igi ìdáná,
mo wà á lọ sí Àkúrẹ́.

Yàrá ẹ̀rọ tutù bí inú àmù.
Fẹ́yíṣayọ̀, ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò inú ara,
ní, "Bàbá, ẹ mí sínú. Ẹ dá a dúró. Ẹ má mì."
Bàbá mi dá a dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ;
ó fẹ́ kí àwòrán náà dára.

Ó dára. A rí gbogbo rẹ̀:
agbárí bàbá mi lórí gíláàsì oníná,
àwọn ihò róbótó, wínníwínní,
bí ìgbà tí kòkòrò bá ti dé inú àpò ṣáájú wa.
Mo ka méje. N kò kà mọ́.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn ní ìbàdí rẹ̀.
Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sí ìgò mẹ́rin.
Ìtọ̀ odindi ọjọ́ kan wà nínú kẹ́ẹ̀gì
tó gbé dání wọlé bí ẹni gbé ẹmu wá kí àna.

Dókítà Aládétóyìnbó to ìwé gbogbo sílẹ̀.
Ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni,
inú mùdùnmúdùn ló kọ́lé sí.
Pùrótéènì kan ń ga, òmíràn ń rẹlẹ̀,
kídìnrín ṣì ń gbìyànjú;
bí a bá gbé ti ẹ̀jẹ̀ lé ti fọ́tò,
ìpele kejì nínú mẹ́ta ni.
"Gíréèdì Kejì," ni bàbá mi wí.
Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in tán.

"Bàbá, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá rí báyìí,
tó sì gba ìtọ́jú,
bí ọgọ́ta ló máa ń rí ọdún karùn-ún."

Ìgbà yẹn ló tó jókòó dáadáa.
"Dókítà," ó ní, "mo gbà yín gbọ́.
Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ nìyẹn.
Ọgọ́rùn-ún kóró kì í parọ́ mọ́ àpò.
Ṣùgbọ́n n kò fi ọgọ́rùn-ún mọ̀ rí
ohun tó wà nínú ẹyọ kan tí n kò tí ì là.
Èwo ni èmi níbẹ̀?"

Fáànù ń yí. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"N kò mọ̀, Bàbá.
Ẹ jẹ́ ká máa ka ẹ̀jẹ̀ yín lóṣooṣù, ká máa wò ó."
Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà fún "n kò mọ̀" yẹn
ju gbogbo ìwé tó tò sílẹ̀ lọ.

A ti kọjá Owénà nígbà tó ní kí n dúró.
Ẹnìkan sá kòkó sórí tàpólì lẹ́bàá títì.
Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kán,
ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un mọ́lẹ̀ létí ara rẹ̀,
ó ń gbọ́ bóyá yóò dún.
Kò béèrè ọ̀bẹ.
"Kò tí ì gbẹ," ó sọ fún ọmọ tó ń ṣọ́ ọ.
"Ẹ jẹ́ kí oòrùn rí i fún ọjọ́ mélòó kan sí i."